NÍGBÀ TÍ ILÉ Ẹ̀KỌ́ ORÍ ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ BÁ TI ILẸ̀KÙN MỌ́ WA

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Àgọ́-Àmọ́dù

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àjẹmọ́nú, ṣùgbọ́n ó kan méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni. Gbogbo wa mọ̀ pé lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ìpele 06 ni òkè àwọn òṣìṣẹ́ kékeré, ìpele 07 sì ni ìbẹ̀rẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àgbà. Ìwé ẹ̀rí ni afárá tí ó wà láàárín wọn. Ẹni tí kò bá ní in lè ṣiṣẹ́ títí irun orí rẹ̀ yóò fi funfun, kí ọmọ tí ó kọ́ ní iṣẹ́ sì wá di ọ̀gá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi tún padà sí ẹnu ìwé ní ọjọ́ orí tí a ti ń san owó ilé ìwé fún ọmọ. A kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ gbé ní Ìbàdàn, nítorí náà orí fóònù ni a ti ń kàwé.

Ní báyìí, ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan nínú wa, a kò ní dárúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ ní àṣepé ní sáà kan. Ó fi alẹ́ kọ ọ́, ó fi owó dátà ránṣẹ́. Nígbà tí èsì jáde, òdo ni wọ́n fún un. Wọ́n ní àwọn kò rí iṣẹ́ kankan gbà. Ìwé kò ṣòro fún un rárá. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ni kò tẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé bọ́tìnì náà wà níbẹ̀. Owó sáà lọ, àkókò lọ, ìgbéga sì sún síwájú. Kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹgbẹ́ yìí mọ́ ni a ṣe dìde sọ̀rọ̀.

ÌWÉ KÍKÀ LÁTI ILÉ KÌ Í ṢE OHUN TUNTUN

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ láti ọ̀nà jíjìn jẹ́ ẹ̀kọ́ gbẹ̀rẹ́. Àwọn bàbá wa kọ́ ọ nípasẹ̀ lẹ́tà. Rapid Results College ti Lọ́ńdọ̀nù máa ń fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn akọ̀wé àti tíṣà ní ilẹ̀ wa, àwọn náà á kọ iṣẹ́ wọn, wọ́n á lẹ sítáńbù mọ́ ọn, wọ́n á sì dúró de èsì láti òkè òkun. Ní ọdún 1983 ìjọba àpapọ̀ dá Yunifásítì Ojúlówó fún ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí National Open University. Kò tíì pé ọdún kan tí ìjọba ológun fi tì í pa, ní 1984. Ọdún 2002 ni wọ́n tó tún un ṣí. Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1988. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, tí wọ́n ti gbogbo ilé ìwé pa, àwọn tí kò kà á sí tẹ́lẹ̀ náà sáré wá síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí ni a kọ́ sórí ohun kan tí wọ́n ń pè ní Moodle. Martin Dougiamas, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, ni ó ṣe é, ọdún 2002 sì ni ó gbé odindi rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ìtàn ọkùnrin yìí bá tiwa mu. Inú aṣálẹ̀ tí ó jìnnà sí ìlú ńlá ni ó dàgbà sí, orí rédíò ni ó sì ti ń gbọ́ ohùn tíṣà rẹ̀ nígbà tí ó wà ní kékeré. Ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń jẹ́ pé ilé ìwé jìnnà ni ó ṣe irinṣẹ́ yìí. Nítorí náà kí ará Òkè-Ògùn má ṣe rò pé àwọn ará ìlú ńlá nìkan ni a ṣe é fún.

KÍ A TÓ TÚ Ẹ́ŃJÌNNÌ

Àwa tí a wà ní ẹ̀ka iṣẹ́ ojú ọ̀nà mọ̀ pé bí katapílà bá kọ̀ tí kò ṣíṣẹ́, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ni a kọ́kọ́ ń tú. A ó wo epo. A ó wo bátìrì. A ó wo wáyà. Ìgbà tí gbogbo ìwọ̀nyí bá pé ni a ó tó mú sípánà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí a máa ṣe sí ilé ẹ̀kọ́ orí fóònù. Ibi mẹ́rin péré ni ìyọnu lè ti wá: ó lè wá láti ọwọ́ wa, ó lè wá láti ara fóònù wa, ó lè wá láti ọ̀dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sì lè wá láti ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ ọ́n? Ẹ ṣí ojú òpó mìíràn lórí fóònù kan náà, bóyá ti ìwé ìròyìn. Bí ìyẹn kò bá ṣí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí dátà ni. Bí ìyẹn bá ṣí tí ti ilé ẹ̀kọ́ kò ṣí, ẹ yá fóònù ẹlẹgbẹ́ yín, kí ẹ fi í dán an wò. Bí ó bá ṣí níbẹ̀, fóònù yín ni kí ẹ mú lọ́wọ́. Bí kò bá ṣí lórí tẹnikẹ́ni, ilé ẹ̀kọ́ ni ó ní ìyọnu. Ẹ má wulẹ̀ jó dátà yín. Òfin kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ rú: ohun kan ṣoṣo ni kí a máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá yí ohun márùn-ún papọ̀ kò ní mọ èyí tí ó wò ó sàn, bí ó bá sì tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, inú òkùnkùn ni yóò tún wà.

ÀWỌN ÌYỌNU TÍ Ó WỌ́PỌ̀

Èkínní: ilẹ̀kùn kò ṣí. A tẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé, wọ́n ní kò bára mu. Ẹ kọ́kọ́ wo lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré, nítorí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ ka méjèèjì sí. Fóònù a sì máa fúnra rẹ̀ sọ lẹ́tà àkọ́kọ́ di ńlá láìbèèrè lọ́wọ́ ẹni. Ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà bóyá àlàfo kan wà níbẹ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé inú WhatsApp ni ẹ ti dà á kọ. Ẹ tẹ àwòrán ojú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà kí ẹ lè rí ohun tí ẹ ń kọ. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ní ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀, ibi tí a ti ń forúkọ sílẹ̀ tí a sì ń sanwó yàtọ̀ sí ibi tí a ti ń kàwé, kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sì lè yàtọ̀. Bí ẹ bá gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta tí kò ṣí, ẹ dúró. Àwọn kan a máa ti ẹni tí ó bá ń kan ilẹ̀kùn ṣáá síta fún ìgbà díẹ̀. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ pé ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọlé, wọn yóò fi ìwé ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ wo inú àpótí tí wọ́n ń pè ní Spam.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti dùn wá jù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ ímeèlì tí a fi forúkọ sílẹ̀, nítorí ọmọ oní-kafé ni ó ṣí i, orí fóònù ọmọ náà ni ó sì wà. Bí ọmọ náà bá kó lọ sí Èkó, ilé ẹ̀kọ́ wa bá a lọ. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni onílé. Ẹ lọ gba ímeèlì yín, kí ẹ yí ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ padà, kí ẹ sì fi nọ́ńbà fóònù tiyín sí i. Bí ẹ bá lo kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, ẹ jáde pátápátá kí ẹ tó dìde. Ẹnikẹ́ni tí ó bá pè yín tí ó ní òun ti ilé ẹ̀kọ́ wá, tí ó sì ń bèèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé, olè ni.

Èkejì: a wọlé, ṣùgbọ́n a kò rí ẹ̀kọ́ wa. Ojú òpó ṣófo, tàbí ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí níbi tí ó ti yẹ kí a rí méje. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi fóònù rárá. Ó lè jẹ́ pé owó kò tíì wọlé sí àkọsílẹ̀ wọn, tàbí pé a sanwó ṣùgbọ́n a kò yan ẹ̀kọ́ náà, tàbí pé a yàn án ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ kò tíì fi orúkọ wa sínú kíláàsì. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìsanwó. Bí ó bá jẹ́ Remita ni ẹ fi sanwó, nọ́ńbà 12 tí wọ́n ń pè ní RRR ni ẹlẹ́rìí yín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí kì í kú bátìrì. Kí ẹ sì tètè lọ sọ ọ́, nítorí bí ìforúkọsílẹ̀ bá ti parí, ọ̀rọ̀ náà yóò di ẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ojú òpó ń yí, kò sì ṣí, tàbí ó ṣí ní ìdajì. Ẹ tún un ṣí. Bí kò bá gbọ́, ẹ wo bráwúsà tí ẹ ń lò. Opera Mini dára púpọ̀ fún ẹni tí kò fẹ́ jẹ dátà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ń fún ojú òpó pọ̀ gan-an kí dátà má baà lọ, àwọn bọ́tìnì mìíràn kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìdánwò tàbí fi iṣẹ́ ránṣẹ́, Chrome tàbí Firefox ni kí ẹ lò. Ìgbà mìíràn ó jẹ́ pé fóònù ti kó àwòrán àtijọ́ ojú òpó náà pamọ́, òun ni ó sì ń fi hàn yín. Ẹ lọ sínú ètò bráwúsà, kí ẹ nu ohun tí ó kó pamọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé ẹ mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé yín lórí kí ẹ tó nù ún, nítorí ó lè tì yín síta.

Bí ojú òpó bá kọ nọ́ńbà, ẹ má ṣe bẹ̀rù rẹ̀, iṣẹ́ ni ó ń jẹ́ fún yín. 404 ń sọ pé ibi tí ẹ ń wá kò sí níbẹ̀, bóyá àdírẹ́sì ni ẹ ṣì kọ. 403 ń sọ pé a kò fún yín láyè láti wọ ibẹ̀. Èyí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí 500, bíi 500 tàbí 503, ń sọ pé ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣàìsàn. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ pẹ̀lú aago tí ẹ rí i.

Ẹ̀kẹrin: iṣẹ́ àṣetiléwá kò lọ, tàbí a rò pé ó ti lọ. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, òun ni ó pa ẹni tí a sọ ìtàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lórí Moodle, ilé ẹ̀kọ́ lè ṣètò rẹ̀ kí fífi ìwé síbẹ̀ jẹ́ ìgbésẹ̀ kan, kí fífi í lé tíṣà lọ́wọ́ sì jẹ́ ìgbésẹ̀ kejì. Bí ẹ bá fi ìwé síbẹ̀ tí ẹ kò tẹ bọ́tìnì kejì, ó dà bí ẹni tí ó kọ lẹ́tà, tí ó fi í sínú àpòòwé, tí ó sì fi í sílẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ níbẹ̀. Bí ẹ bá rí "Draft", kò tíì lọ. Bí ẹ bá rí "Submitted for grading", ó ti dé ọwọ́ wọn. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín ní ìṣẹ́jú náà, kí ọjọ́ àti aago hàn nínú rẹ̀. Rìsíìtì yín nìyẹn.

Bí ìwé náà bá kọ̀ tí kò wọlé rárá, ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò. Ṣé irú ìwé tí wọ́n ní kí a fi ránṣẹ́ nìyẹn? Bí wọ́n bá ní PDF, fọ́tò kò lè wọlé. Ṣé kò tóbi ju ìwọ̀n tí wọ́n kọ sójú ibẹ̀ lọ? Fọ́tò tí kámẹ́rà fóònù ìsinsìnyí ń yà wúwo gan-an, ìwé márùn-ún tí a yà bẹ́ẹ̀ lè ju ìwọ̀n lọ. Ẹ dín ìwọ̀n fọ́tò kù, tàbí kí ẹ pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di PDF kan. Ẹ̀kẹta, ṣé orúkọ ìwé náà mọ́? Ẹ fi nọ́ńbà yín àti orúkọ ẹ̀kọ́ pè é, kí ẹ má ṣe kó àmì jágbajàgba sínú rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún: iná lọ láàárín ìdánwò. Ẹ má ṣe ké, ẹ má sì ṣe sá. Aago ìdánwò kò sí nínú fóònù yín, ọ̀dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni ó wà, ó sì ń lọ bí iná tilẹ̀ lọ. Nítorí náà ẹ tètè wá ọ̀nà mìíràn padà wọlé. Àwọn ìdáhùn tí ẹ ti fi sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣí ojú ìwé tí ó tẹ̀lé e sábà máa ń wà níbẹ̀ síbẹ̀, ẹ ó sì tẹ̀síwájú láti ibi tí ẹ dé. Ìdí nìyẹn tí kò fi dára kí ẹ dáhùn ogún ìbéèrè lójú kan kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ má ṣe ṣí ìdánwò kan náà sí ojú méjì, ìdáhùn kan lè pa èkejì rẹ́. Kí ọjọ́ ìdánwò tó dé, kí bátìrì ti kún, kí dátà ti wà nílẹ̀, kí ẹ sì ti mọ ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lágbára jù ní àdúgbò yín.

Ẹ̀kẹfà: aago kò bára mu. Aago ilẹ̀ wa fi wákàtí kan ṣáájú aago Greenwich. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá fi ti Greenwich sí ojú òpó, ìdánwò tí wọ́n kọ aago mẹ́rin sí yóò ṣí ní aago márùn-ún tiwa. Ẹni tí ó bá dé ní mẹ́rin yóò rò pé ó ti bàjẹ́. Ẹ lọ sí ibi tí orúkọ yín wà, kí ẹ yan aago Èkó síbẹ̀.

Èkeje: fídíò ń jẹ dátà bí iná ṣe ń jẹ koríko nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ dín dídán rẹ̀ kù, ohùn tíṣà ni ẹ ń fẹ́. Bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá fi àyè sílẹ̀, áàpù Moodle lè gba ẹ̀kọ́ sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá máa kà á nínú oko láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

BÍ A ṢE Ń FI Ẹ̀SÙN SÙN

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ̀ pé ẹ̀sùn tí kò ní ọjọ́, tí kò ní ẹlẹ́rìí, inú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ni ó ń lọ. Ẹni tí ó kọ̀wé pé "portal yín kò dára" kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ kọ orúkọ yín, nọ́ńbà yín ní ilé ẹ̀kọ́, orúkọ ẹ̀kọ́ náà, ọjọ́ àti aago, ohun tí ẹ tẹ̀, ohun tí ojú òpó kọ ní èsì, irú fóònù àti bráwúsà tí ẹ ń lò, àti ohun tí ẹ ti gbìyànjú. Ẹ fi àwòrán ojú fóònù tì í. Ẹ fi ránṣẹ́ kí àkókò tó kọjá, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó sùn ní ẹ̀sùn ní aago mẹ́jọ alẹ́ nígbà tí wọn yóò tì í ní aago méjìlá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ẹni tí ó dúró di ọ̀sẹ̀ kejì, àforíjì ni ó ń tọrọ.

OHUN TÍ Ó KÙ FÚN ẸGBẸ́

A kò gbọ́dọ̀ dá ọ̀rọ̀ yìí dá ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ohun mẹ́ta ni a fi síwájú ìpàdé yìí. Àkọ́kọ́, kí gbogbo ẹni tí ó ń kàwé pín ara wọn sí méjì-méjì, àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan, kí fóònù kejì baà lè wà nígbà gbogbo láti fi dán ìyọnu wò. Kí àwọn ọ̀dọ́ má ṣe gba fóònù lọ́wọ́ àgbà ṣe é fún un. Kí wọ́n jẹ́ kí ọwọ́ àgbà náà ni ó tẹ̀ ẹ́. Èkejì, kí akọ̀wé wa ní ìwé kan tí a ó máa kọ gbogbo ìyọnu sí àti bí a ṣe yanjú rẹ̀. Bí ìyọnu kan bá kan ènìyàn márùn-ún ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà, ẹgbẹ́ ni yóò kọ lẹ́tà, kì í ṣe ẹnì kan. Ẹ̀kẹta, kí a yọ díẹ̀ nínú owó ẹ̀ka wa ra pánẹ́ẹ̀lì oòrùn kékeré kan àti bátìrì rẹ̀ sí yàrá ìpàdé, kí fóònù ẹnikẹ́ni má baà kú ní ọjọ́ ìdánwò. Ohun tí oòrùn Òkè-Ògùn ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, kí a gbà á.

Ẹ̀yin ará, òṣìṣẹ́ tí ó ti jí kàwé títí ilẹ̀ fi mọ́, tí ó sì ti yọ owó ìwé nínú owó oṣù tí kò tó, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí wọ́n fi ìmọ̀ rẹ̀ wọn ọ́n, kí wọ́n má ṣe fi bọ́tìnì wọn ọ́n. Títí a ó fi rí ẹ̀tọ́ náà gbà, ẹ jẹ́ kí a mọ bọ́tìnì náà, kí a sì fi í han ara wa. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

 Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó mú fóònù rẹ̀ wá síwájú.